Ẹ̀gbà Akin Tí Abógunrìn Gbà Lọ́wọ́ Ọ̀tá

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi, òjò yìí kò ní dá bọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì jókòó ti ààrò kò gbọdọ̀ bínú bí èéfín bá wọ̀ ọ́ lójú. Ẹ̀yin ni ẹ ní kí n sọ ọ̀kan nínú ìrìn àjò mi. Mo ti yìnbọn pa ẹfọ̀n níbi tí ó ti ń sáré bọ̀ wá bá mi, mo ti sùn ti òjòlá kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe gbòǹgbò ni mo fi ṣe ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ìyẹn lónìí. Èyí tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ìtàn ẹran. Ìtàn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, jagunjagun tí a fi ọlá tí ó ga jù lọ nínú ogun dá lọ́lá, tí a sì dá a lọ́lá títí ó fi di ẹni àánú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá le, kí ó dìde nísinsìnyí, kí ó lọ ran àwọn tí ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́.

Abógunrìn ni orúkọ ọkùnrin náà. Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, amọ̀kòkò ìlú Òkè-Mòkún, ni ó bí i. Ó ga, ó sì dákẹ́. Bí ó bá jókòó láàrin àwọn tí ń fọ́nnu, ẹ ó rò pé àlejò ni. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, àwọn ará Àjìn gbógun tì wá. Ará Àjìn kì í ṣe ènìyàn bí tiwa. Ìsàlẹ̀ igbó ni wọ́n ń gbé, awọ ara wọn dà bí èèpo ìrókò, ọfà a sì máa ta bọ́ lára wọn bí òkúta tí ọmọdé sọ lu ògiri. Balógun wọn ni wọ́n ń pè ní Èèpo-kò-gbọfà, orúkọ náà kò sì pa irọ́. Wọ́n lé àwọn ọmọ ogun wa dé etí odò Ayùn, níbi tí afárá okùn kan ṣoṣo wà. Gbogbo wọn tú sórí afárá bí eku tí iná lé. Abógunrìn nìkan ni ó yíjú padà. Ó dúró sí ẹnu afárá náà ní ìhà ti ọ̀tá, ó fi ẹ̀yìn sí ilé, ó fa idà yọ. Ibẹ̀ ni ó ti ń jà nígbà tí afárá já lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn tí ó kẹ́yìn nínú àwọn ènìyàn wa sì bá a lọ sínú omi. Wọ́n ní èrò ló pọ̀ jù lórí rẹ̀. Òun kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó jà títí ó fi pa Èèpo-kò-gbọfà, àwọn ará Àjìn sì gbé òkú balógun wọn, wọ́n padà sínú igbó. Abógunrìn wẹ odò náà wá sílé, etí rẹ̀ òsì ti lọ, ẹnu ọ̀kọ̀ sì wà nínú itan rẹ̀.

Ìlú yọ̀. Àwọn ọmọdé ń kọrin, orúkọ Abógunrìn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń parí. Èmi Ọdẹ́gbàmí tí mo ti ń ṣọ́ ojú ẹran láti kékeré, mo ṣọ́ ojú ọba wa, mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ó bu ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu níwájú àna rẹ̀. Ọba dìde, ó kéde pé Ẹ̀gbà Akin ni Abógunrìn yóò fi sọ́wọ́. Gbogbo ayé pariwo, lẹ́yìn náà gbogbo ayé dákẹ́, nítorí wọ́n rántí òfin rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ilé kì í rọ Ẹ̀gbà Akin. Ọwọ́ ọ̀tá tí a ṣẹ́gun ni a ti í gbà á, nítorí àwọn baba wa ní, akin tí ọ̀tá kò bá jẹ́rìí sí, ariwo ilé lásán ni. Ẹni tí ó gbà á kẹ́yìn ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Ọba ní, "Ọdẹ́gbàmí, ìwọ ni o mọ igbó Àjìn. Mú akin wa lọ. Bí wọ́n bá fún un, kí ẹ gbé e wá kí n fi wọ̀ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn."

Àwẹ̀ró gbá mi lápá mú nígbà tí a délé. "Àbúrò mi, ṣé ẹni tí ó pa ọmọ ni yóò lọ tọrọ ẹ̀bùn lọ́wọ́ ìyá òkú? Ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́ kí ó kú ni?"

Abógunrìn dá a lóhùn kí n tó la ẹnu. "Màmá, bí n kò bá lọ, wọn óò ní irọ́ ni mo pa. Ẹ jẹ́ kí n lọ."

N kò ní sọ ibi tí a sùn àti ohun tí a jẹ. Oúnjẹ ọdẹ kì í ṣe ìtàn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a rìn títí igi fi bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi ju ilé lọ, tí ẹyẹ kò sì ké mọ́. A dé ẹrẹ̀ ńlá kan tí ó gba ọ̀nà já. Obìnrin kan jókòó sórí omi ibẹ̀ bí ẹni jókòó sórí ẹní. Ọrùn rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó sì so àwọn àdó kéékèèké mọ́ ọn láti àgbọ̀n dé àyà, bí obìnrin ti ń so ìlẹ̀kẹ̀. Agbohùn ni wọ́n ń pè é. Mo nawọ́ iṣu sísun àti oyin sí i, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọdẹ, ǹjẹ́ mo jọ ẹni tí ebi ń pa? Ohùn ni mo ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí yóò bá kọjá. Nínú àwọn àdó yìí, mo ní ikọ́ ìjòyè kan tí ó ti kú, mo ní ẹ̀rín ìyàwó tuntun, mo ní igbe ọmọ tí kò dàgbà. N kò tíì ní ohùn ìbọn."

Mo di ṣakabùlà mi mú mọ́ra. "Bí o bá gba ohùn rẹ̀, ṣé yóò ṣì máa pani?"

"Ìgbà wo ni ikú bẹ ariwo lọ́wẹ̀?"

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, n kì í tètè gbà lọ́jà; mo bá a dúnàá-dúrà títí ó fi gbà pé ohùn ìbọn náà yóò gbé wa lọ, yóò sì gbé wa bọ̀. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ìbọn, ó ń fa nǹkan jáde bí ẹni ń ran òwú. Ìbọn náà gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ewúrẹ́ tí ń sín. Nígbà tí ó fi ìdérí dé àdó tuntun náà, Abógunrìn bi í léèrè, "Ìyá, ṣé igbe àwọn tí mo pa wà lọ́dọ̀ yín?" Obìnrin náà ṣí àdó kan díẹ̀ sí etí rẹ̀ tí ó kù. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kàn rí i tí Abógunrìn di ojú, tí ó sì ní, "Ẹ dé e." A rìn jìnnà kí n tó bi í pé kí ni ó gbọ́.

"Wọ́n ń pe ìyá wọn, Bàbá Ọdẹ. Èdè tiwa ni wọ́n fi ń pè é."

Ní ẹnu ibodè Àjìn, arúgbó kan wà tí ojú rẹ̀ wà ní ìpàkọ́, tí iwájú orí rẹ̀ sì tẹ́jú, tí ó ń dán bí ìdí àwo. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì ń wò wá. Abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn àlọ́ rẹ̀, ahọ́n ni ó ń gé. Àwọn ahọ́n náà wà lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti gbẹ bí ẹja gbígbẹ.

Ó ní, "Kí ni ó bá ogun lọ, tí kò ju òkò kan, tí ó sì ṣáájú ọmọ ogun délé?"

Mo ní, "Ìròyìn ni."

"Kí ni a fi ń bọ́ ìyá akọni, tí kì í yó?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí mo mọ ẹsẹ̀ ìjàpá lórí àpáta, n kò mọ èyí. Abẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ètè mi, mo sì ń gbọ́ òórùn irin rẹ̀. Abógunrìn ni ó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ìyìn ni. Màmá mi ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti délé, ó sì ń rù."

Arúgbó náà yí abẹ sí i. "Ìwọ, ènìyàn mélòó ni o pa lẹ́nu afárá?"

"Ẹni tí ń sá ni ó ń rí àyè kà. Èmi ń jà."

Arúgbó pa abẹ dé. Ó ní, "Wọlé. Wọ́n ti ń retí rẹ."

Mo rò pé wọn yóò já wa jẹ. Dípò bẹ́ẹ̀, bí Abógunrìn ti ń tiro wọ àgbàlá ọba wọn, gbogbo jagunjagun Àjìn dìde, wọ́n fi ìdí ọ̀kọ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn obìnrin wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìjà náà. Ní Òkè-Mòkún, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ lórin. Ní Àjìn, wọ́n mọ ibi tí ó gbé ẹsẹ̀ sí, wọ́n mọ ìgbà tí idà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ àti bí ó ṣe tún un gbá mú. Ìyá Èèpo-kò-gbọfà ni wọ́n mú jáde sí wa. Èèpo ojú rẹ̀ ti funfun, ẹ̀gbà idẹ pupa tí ó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ ni?"

"Èmi ni, ìyá."

"Ṣé ọmọ mi sá?"

"Kò sá. Bí ọ̀kọ̀ rẹ̀ kò bá ṣẹ́ ni, ìyá tèmi ni ì bá máa sunkún."

Ó mi orí. "Ta ni ẹ ní ó gé afárá lẹ́yìn rẹ?"

Abógunrìn ní, "Kò sí ẹni tí ó gé e. Èrò ló pọ̀ lórí rẹ̀, ó sì já."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ó dà bí ìgbà tí igi gbígbẹ ń fọ́. Ìyá arúgbó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ, ẹ̀yìn ni o kọ sí wọn, àwa ni a kọjú sí wọn. Bí o ti fa idà yọ báyìí ni ọkùnrin kan tí wọ́n fá apá kan orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé okùn afárá. Àwọn ènìyàn yín ṣì ń sáré lórí rẹ̀ nígbà tí ó gé e. Wọn kò tilẹ̀ dúró kí o kọ́kọ́ ṣubú."

Ìlàrí ọba ni a ń fá orí báyẹn fún ní Òkè-Mòkún, ìlàrí kì í sì í fa koríko tu láìjẹ́ pé ọba rán an. Mo wo Abógunrìn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Etí tí wọ́n gé kò mú un jókòó, ọ̀kọ̀ itan kò mú un jókòó.

Ìyá náà ní, "Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ̀gbà náà?"

"Mo fẹ́ ẹ, ìyá. Ọwọ́ yín ni mo ti fẹ́ gbà á báyìí."

"Apá wo ni ó pa ọmọ mi?"

Ó na apá ọ̀tún. Obìnrin náà gbé ẹ̀gbà sínú iná àgbẹ̀dẹ, wọ́n fẹ́ ẹwìrì sí i títí ó fi pọ́n bí ojú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ó ní a kì í fi ẹ̀gbà tútù wọ akin. Ó fi ẹ̀mú gbé e, ó fi wọ apá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lókè ìgúnpá, ó sì fi òòlù pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo ti yan ẹran púpọ̀ láyé mi. Láti ọjọ́ náà n kì í yan ẹran mọ́. Abógunrìn kò ké. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí omi òjò, ṣùgbọ́n kò ké. Nígbà tí ó parí, ìyá arúgbó náà gbé orí lé e léjìká, ó sì sunkún ọmọ rẹ̀ sí i lára. Ó ní, "Láti òní lọ, kò sí ọmọ Àjìn tí yóò fọwọ́ kàn ọ́. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ìlú rẹ o."

Òórùn apá náà ni ó fẹ́ pa wá lọ́nà. Agbo ìkookò kan gbọ́ ọ, orí ènìyàn ni ó wà lọ́rùn wọn, ohùn wọn sì dùn bí ohùn àwọn tí ń kí ìyá ìkókó kú ewu. Wọ́n yí wa ká. Èyí tí ó ṣáájú ní, "Ẹ kú ìrìn o. Apá kan péré ni a fẹ́. Ó ti jinná, kí ni ẹ óò tún fi ṣe?" Mo ní, "Ẹ bẹ̀ mí wò ná." Mo yìnbọn, ìbọn kò sì dún, èyí tí ń bẹ̀bẹ̀ wó lulẹ̀, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn yòókù wo ara wọn, wọn kò mọ ibi tí ikú ti wá. Mo tún pa òmíràn. Ni wọ́n bá ní àárín ara wọn ni apànìyàn wà, wọ́n sì dojú ehín kọ ara wọn. Mo gbé Abógunrìn kọ́ èjìká, a gba àárín ẹ̀jẹ̀ wọn kọjá. Ẹ ò rí i pé ọdẹ ni mí?

A délé. Ọba pe gbogbo ìlú sí ojúde ní ọ̀sán gangan. Wọ́n gbé ẹ̀wù àrán ńlá kan jáde tí akin yóò wọ̀. Abógunrìn kò tíì wọ̀ ọ́ tí ó fi wólẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, mo fẹ́ béèrè. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ní kí wọ́n gé afárá?"

Ọba kò tilẹ̀ yí ojú. "Èmi ni. Ẹni mélòó kan, àbí odidi ìlú? Kí ni ìwọ ì bá ṣe?"

"Bí ẹ bá ti sọ fún mi, Kábíyèsí, èmi fúnra mi ni ǹ bá gé e lẹ́yìn ara mi, nígbà tí gbogbo wọn bá ti kọjá tán."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojúde náà kùn bí ilé oyin. Àwọn tí ọmọ wọn bá afárá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ọba rí i. Ó na ìka sí ẹ̀gbà náà, ó ní, "Ta ni ó fi wọ̀ ọ́?"

"Ìyá balógun Àjìn ni."

"Òfin ní èmi ni kí n fi wọ̀ ọ́. Ẹni tí ọ̀tá bá fi ẹ̀gbà sí lápá, ẹrú ọ̀tá ni. Akin Òkè-Mòkún kò gbọdọ̀ ṣe ẹrú. Ẹ bọ́ ọ."

Wọ́n fà á. Ó ti wọ ara lọ, awọ ti hù bò ó. Wọ́n fi epo pa á, wọ́n tún fà á. Mo ké pé kò lè bọ́, Kábíyèsí, ẹ ṣàánú. Ọba kò gbé ohùn sókè. Ó tún ní, "Ẹ bọ́ ọ." Ìlàrí tí wọ́n fá apá kan orí rẹ̀ ni ó mú àáké wá. Mo fò síwájú, ènìyàn mẹ́rin jókòó lé mi lórí; ojú mi nìkan ni wọn kò dì. Apá tí a kò fún ẹranko ni wọ́n gé lójú ìyá tí ó bí i. Abógunrìn tí kò ké ní Àjìn, ó ké ní ilé.

Wọ́n yọ ẹ̀gbà náà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n nù ún. Ọba sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ sí apá òsì tí ó kù. Wọ́n fi ẹ̀wù àrán bò ó. Ọba ní, "Akin Òkè-Mòkún!" Ìlú sì hó. Ẹ má bi mí bóyá tinútinú ni wọ́n fi hó. Ẹni tí àáké wà níwájú rẹ̀ mọ bí a ti ń hó. Akin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Abógunrìn gbìyànjú rẹ̀, apá kan kò gbé e ró, ó sì fi ojú lulẹ̀. Àwẹ̀ró ti gbé apá kejì sínú ìkòkò, ó ń wẹ̀ ẹ́ bí a ti ń wẹ ọmọ tuntun.

Àjìn gbọ́ pé wọ́n ti gé apá akin wa. Ìròyìn kì í pẹ́ dé igbó. Wọ́n tún gbógun dé, ọba sì rán àwọn ìjòyè sí ilé wa pé kí akin wá dúró fún ìlú. Abógunrìn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò wò wọ́n. Àwẹ̀ró ni ó bá wọn wí. Ó ní, "Ọwọ́ tí ẹ̀ ń wá wà lábẹ́ igi òroǹbó mi lẹ́yìnkùlé. Ẹ lọ hú u, kí ẹ gbé e lọ sójú ogun."

Kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí, ará Àjìn ti wọlé. Wọn kò dá àgbà sí, wọn kò dá ọmọ sí. Mo rí ohun tí n kò ní sọ fún yín, nítorí àwọn kan nínú yín ṣì ní oyún nínú. Abógunrìn dìde, ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, èmi sì di etí ẹ̀wù àrán tí ó wọ̀ mú. Àwọn ará Àjìn rí ẹ̀gbà náà, wọ́n ń yà sí ọ̀tún, wọ́n ń yà sí òsì, bí omi ti ń yà fún òkúta. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀wù náà dì mú ń bá wa lọ. Ẹni tí ó bá já sílẹ̀, ó já sílẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí a dé ojúde, ọba wa sáré jáde láìdé adé, ó gbá apá ẹ̀wù ọ̀tún mú, apá tí kò ní nǹkan nínú. Ó ní, "Abógunrìn, ọmọ mi, mú mi lọ!"

Abógunrìn kò bú u. Kò gbá a, kò sì dúró. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ̀gbẹ́ tí ẹ dì mú yẹn kò ní ọwọ́ tí yóò fi gbà yín." Ó ń tiro lọ bí ó ti ń tiro bọ̀. Àrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya léjìká, ó ń ya díẹ̀díẹ̀, mo ń gbọ́ ọ, títí ó fi ya tán, tí apá ẹ̀wù náà sì kù sí ọba lọ́wọ́. Èmi kò bojú wẹ̀yìn. Etí ni mo fi gbọ́ ìyókù.